Àtẹ́rígbà Ẹnu-Ọ̀nà Omi

"Tẹ ẹ̀yìn rẹ díẹ̀ sí i," ni Ìbídùn wí, kò sì jẹ́ kí ètè rẹ̀ mì. "Lákùnlé ń wò wá."

Tẹniọlá ọmọ rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Láti ìgbà òjò tó kọjá ló ti ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ti ń pè é ní onítìjú. Àkàbà tó gbé lé èjìká ràn án lọ́wọ́ lónìí, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé àkàbà tí kò ní tẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ru àpò sìmẹ́ǹtì. Adínlẹ̀kùn ni Ìbídùn. Òun ni ìlú Orí-Àpáta máa ń pè nígbà tí ó bá tó àkókò láti rẹ àtẹ́rígbà sílẹ̀, bí wọ́n ti ń pe ìyá rẹ̀ àti ìyá tó bí ìyá rẹ̀.

Lákùnlé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà omi, jókòó sórí àpótí, orí rẹ̀ ń dán. Ọ̀la ni Ọjọ́ Ìgbà, tí gbogbo orí yóò kọjá lábẹ́ àtẹ́rígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ti fá orí. Àwọn obìnrin pàápàá ti tú irun wọn, wọ́n ti gé e mọ́lẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí irun ṣàkóbá fún òun.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Tẹni. Ẹ tún ti wá tẹ̀ wá rì?"

"Èmi kọ́. Ìgbà ni."

"Ìgbà ni," ni Lákùnlé dáhùn, bí gbogbo ènìyàn ti í dáhùn. Ó fi ọwọ́ pa orí. "Ẹ wò ó. Onífárí ní bí mo bá tún padà wá, ọpọlọ ló kàn."

Ọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé. Ó bọ́ sínú kòtò òkúta tó wà ní ẹnu-ọ̀nà, ó na ẹ̀yìn, ó ranjú síwájú. Irin àtẹ́rígbà wà lókè orí rẹ̀, àlàfo díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn. Ojú dígí tó wà lára òpó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó nà dáadáa, nítorí kò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọmọ ìgbà. Wọlé," ni ẹ̀rọ náà wí, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tí ń fa omi ń mí gúlegúle. Apá mẹ́ta ló ní, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí apá kejì kú, ìgbìmọ̀ wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní ìgbà ni, wọ́n sì lọ jẹun. Báyìí náà ni iná ojú títì ṣe lọ, báyìí ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó wà lẹ́yìn òkè ṣe di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn.

Ojú dígí yí sí Ìbídùn. "Adínlẹ̀kùn. Ìka méjì sílẹ̀."

"Ọdún tó kọjá, ìka kan ni," ni Ìbídùn wí.

"Ìgbà ń yára," ni Lákùnlé wí.

Ẹ̀rọ náà ló ń wo orí gbogbo ènìyàn jálẹ̀ ọdún, òun ló sì ń sọ bí àwọn ènìyàn ti kúrú tó. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Ní ìgbà kìíní, àwọn ènìyàn ga bí ìrókò. Ní ìgbà kejì wọ́n kúrú, ní ìgbà kẹta wọ́n tún kúrú. Ìgbà kẹrin nìyí, èyí tó kẹ́yìn, tí a ń pè ní ìgbà Kálí, tí ohun gbogbo ń dínkù títí dé orí egungun. Ẹni tó bá ga ju bó ti yẹ lọ, àjẹkù ìgbà ni, ó ń gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní apá ọ̀tún ẹnu-ọ̀nà, wọ́n ti to ọ̀pá ìtilẹ̀ tuntun mẹ́rin sára ògiri, fún àwọn tí Ilé Ìgékúrú yóò gé egungun ojúgun wọn lọ́la.

Ìbídùn wo àwọn ọ̀pá náà. Kò wo ọmọ rẹ̀. Kò dìgbà tí ó bá wọ̀n ọ́n kí ó tó mọ̀ bóyá orí rẹ̀ yóò kan irin. Bó bá jẹ́ ìka kan, bóyá. Ìka méjì, kò sí bóyá.

*

Kí a tó rẹ àtẹ́rígbà sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi yanrìn ha Ojú Ẹsẹ̀ Àgbà. Orúkọ kòtò ẹnu-ọ̀nà náà nìyẹn. Òkúta ibẹ̀ jin ní àárín bí àwo kòtò. Àwọn àgbà ní àwọn ènìyàn ìgbà kìíní tóbi débi pé òkúta ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí amọ̀, ibi tí ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ kọjá sì nìyí. Inú rẹ̀ ni oníkálukú ń dúró sí kí ẹ̀rọ tó wò ó, kí ó lè mọ bí òun ti kéré tó. Ojoojúmọ́ ni ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ń fi yanrìn ha á, ṣùgbọ́n ti Adínlẹ̀kùn ló lágbára jù.

Ìyá àti ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n ń ha. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Tẹniọlá dúró, ó bu yanrìn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Màámi, pupa ni yanrìn yìí nígbà tí a kó o wá."

"Hẹn."

"Ó ti di funfun báyìí. Ẹ wo omi náà, bí ẹ̀kọ tí a pò." Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ kòtò. "Òkúta ló ń bá a jáde."

"Máa ha á."

"Bí a bá ń ha á, ó ń jẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ha á. Ẹsẹ̀ gbogbo ìlú sì ń gba orí rẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màámi, bóyá kò sí àgbà kankan tó tẹ̀ ẹ́. Bóyá àwa la gbẹ́ ẹ."

Ìbídùn gbójú sókè. Lákùnlé ń bá obìnrin kan ṣe awuyewuye nípa kẹ́ẹ̀gì tó ń jò. Ìbídùn da ọwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́, ó tì í bọ inú kòtò náà. Láti ìka kékeré títí dé àtàǹpàkò, gbogbo ìbú ọwọ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ tán.

Ó rántí pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí òun bá ìyá òun wá síbí, ọwọ́ òun tó kéré nígbà náà kì í wọ̀ ọ́ tán. Ó rò pé òun ló ti dàgbà. Ó tún rò ó. Ọwọ́ òun ló dàgbà, kò yẹ kí kòtò náà dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó bá dúró nínú kòtò yóò kúrú. Ẹni tó bá dúró nínú kòtò tó ń jin, ọdọọdún ni yóò máa kúrú.

"Lọ já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Má sì sọ ohun tí o sọ yìí fún ẹnikẹ́ni."

Ewé la fi ń bo Ojú Ẹsẹ̀ títí àgbà ìlú yóò fi gorí rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìgbà. Àṣà ni.

*

Bàbá Dáyálù ló ń tọ́jú èèkàn tí a fi ń dá irin dúró. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wá láti Íńdíà nígbà tí òkun gba ilẹ̀ wọn. Wọ́n bá àwọn baba ńlá Ìbídùn lórí àpáta yìí, tí àwọn náà ń sá fún òkun tiwọn, wọ́n jọ pín iṣu, wọ́n sì jọ pín ìmọ̀. Àwọn ló mú ọ̀rọ̀ ìgbà mẹ́rin wá. Lára ògiri bàbá náà, àwòrán akọ màlúù kan wà tó ti pàdánù ẹsẹ̀ kan ní òpin ìgbà kọ̀ọ̀kan, tó wá dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá."

"Ìbídùn. Jókòó. Èló ló pè?"

"Ìka méjì."

Bàbá fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá. Ó ń kí yín."

"Mo ti rí i lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti tẹ ẹ̀yìn rí ló ń mọ ẹni tó ń tẹ ẹ̀yìn." Ó fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Mi ò tíì ní irùngbọ̀n nígbà tí wọ́n gé egungun ẹsẹ̀ tèmi. Wọn kì í pa ènìyàn níbẹ̀. Egungun á so pọ̀, ẹni náà á sì dìde."

"Ẹ̀yin náà ń rìn dáadáa, Bàbá."

"Mò ń rìn. Eré ni n kò lè sá mọ́." Ó wo ọ̀pá rẹ̀. "Mo fẹ́ràn eré sísá nígbà yẹn. Bí mo bá gbéra láti ìsàlẹ̀ òkè, ajá ò lè bá mi dé òkè."

Ìbídùn wo ilẹ̀. "Bàbá, bó bá jẹ́ pé òkúta yẹn ló ń jẹ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé yanrìn wa ló ń jẹ ẹ́, tí a wá ń dúró sínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń rò pé a ń kúrú?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Bàbá Dáyálù kò bínú. "Bí o bá sọ fún ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ pé kò nídìí tí wọ́n fi gé e, kí ni ìwọ yóò fún un dípò?"

Ìbídùn wo ọ̀pá méjèèjì.

"Kí o tó dáyé," ni bàbá ń bá a lọ, "wọ́n ń pa ara wọn nílùú yìí. Ẹ̀rọ kan á bàjẹ́, wọ́n á ní ta ló bà á jẹ́, ìdílé wo ni yóò tún un ṣe. Wọ́n á mú àdá. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn gbà pé ìgbà ni, pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìjà tán."

"Ìjà tán, Bàbá. Àtúnṣe náà sì tán."

Bàbá wò ó bí ẹni pé Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìbídùn náà ya ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó yí ojú sí akọ màlúù ara ògiri.

"Ẹsẹ̀ kan tó kù yìí, bí òun náà bá lọ, kí ló kàn?"

"Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé òbìrìkìtì ni," ni bàbá wí. "Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, èkíní tún dé. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ìyẹn láwùjọ mọ́. Ó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa retí nǹkan."

Ó tú aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó mú èèkàn jáde, ó nà án sí i.

"Mú ọmọ náà wá fúnra rẹ lọ́la. Bí ó bá sá, wọn yóò ti omi mọ́ gbogbo ilé rẹ, ìwọ náà mọ̀. Èmi yóò wà níbẹ̀. Èmi ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń lo ọ̀pá."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ohun tó dun Ìbídùn jù nìyẹn.

*

Ọ̀sán pọ́n. Ẹnu-ọ̀nà omi máa ń wà ní títì nígbà tí adínlẹ̀kùn bá ń ṣiṣẹ́. Lákùnlé ti fi fìlà bo ojú, ó ń hanrun. Ìbídùn ti ní kí ọmọ rẹ̀ máa lọ sílé.

Ó yọ irin, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìka méjì, ó ti èèkàn bọ ihò tuntun. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó dí ihò àtijọ́. Láti ibẹ̀ lọ sókè, òpó méjèèjì kún fún ojú ihò tí a ti dí, ọ̀kan lórí èkejì, títí kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìyá àgbà rẹ̀ wà lókè rẹ̀.

Iṣẹ́ parí. Sìmẹ́ǹtì ṣẹ́kù nínú garawa. Inú igbó la máa ń da irú rẹ̀ sí.

Ìbídùn jókòó sórí àtẹ̀gùn àkàbà tó kẹ́yìn. Ó ti ṣe ohun tí wọ́n rán an, ó sì ti ṣe é dáadáa. Lọ́la, nínú gbogbo ìlú, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni orí wọn yóò kan irin, ọmọ òun yóò sì wà nínú wọn. Wọn yóò káàánú rẹ̀, wọn yóò gbé ọbẹ̀ wá, wọn yóò sì lọ sùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò pọ̀ tó láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ilẹ̀.

Ó dìde, ó ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, ó sì da sìmẹ́ǹtì náà sínú Ojú Ẹsẹ̀ Àgbà. Ó fi igi tẹ́ ẹ, ó fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀ títí ó fi bá etí òkúta dọ́gba. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni. Sìmẹ́ǹtì ìlú yìí máa ń le kí ẹ̀bà tó tutù. Ó dá ewé padà sórí rẹ̀.

Lákùnlé ṣí fìlà lójú. "Ẹ ti parí?"

"Mo ti parí."

"Ó dọ́gba?"

"Ó dọ́gba," ni Ìbídùn wí.

*

Ní òwúrọ̀, gbogbo ìlú tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wọn, orí fífá lọ títí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ìbídùn àti Tẹniọlá wà lẹ́yìn pátápátá.

Àgbà ìlú ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Bàbá Dáyálù kó ọ̀pá rẹ̀ lé Lákùnlé lọ́wọ́, ó gorí ewé, ó na ẹ̀yìn rẹ̀.

Orí rẹ̀ kan irin.

"Àjẹkù ìgbà," ni ẹ̀rọ wí. "Yà sí ọ̀tún."

"Wọ́n ti gé mi rí," ni Bàbá Dáyálù sọ fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọmọdé sọ́nà.

"Àjẹkù ìgbà. Yà sí ọ̀tún."

Bàbá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ewé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀ funfun, títẹ́jú, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ìbídùn."

"Bàbá."

"Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi?"

Gbogbo ojú yí padà. Ọ̀nà là láàárín èrò, kò sì sí ibi tó lè sá gbà. "Mo dí kòtò náà, Bàbá."

"Ó dí Ojú Ẹsẹ̀ Àgbà," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn, òmíràn sì tún un sọ, ó ń ràn bí iná inú ewé gbígbẹ. Ọkùnrin kan ti di ọwọ́ Ìbídùn mú. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ gbé òòlù wá, kí wọ́n fọ́ ọ kúrò kíákíá kí ìgbà tó gbọ́.

Bàbá Dáyálù gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣì wà lórí òkúta, irin ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wo àwọn ọ̀pá tuntun tó wà lára ògiri. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ojúgun rẹ̀ méjèèjì tó ní kókó níbi tí wọ́n ti gé wọn, tí wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Ìbídùn rí ojú rẹ̀, ó sì wù ú kí ó tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu bàbá yìí, wọn yóò gbẹ́ sìmẹ́ǹtì náà jáde, ohun gbogbo yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Gígé tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà yóò sì tún ní ìdí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni bàbá wí. Ó yà sí ọ̀tún, láìsí ọ̀pá, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri. "Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó kàn."

Lákùnlé ló kàn. Ó kan irin. "Orí tí mo fá títí," ló wí, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. Ọkùnrin tó di Ìbídùn mú lọ, ó kan irin. Àwọn ìgbìmọ̀ lọ, wọ́n kan irin. Àwọn tí ń gé egungun ní Ilé Ìgékúrú lọ, àwọn náà kan án. Ìyá arúgbó kan tí kò ga ju ọmọdé lọ nìkan ni ẹ̀rọ ní kó wọlé. Ó dúró nínú lọ́hùn-ún, ó ń wo ẹ̀yìn.

"Ṣé èmi nìkan ni?" ló bèèrè.

Apá ọ̀tún kún, ó tún kún, àwọn ènìyàn dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Ọ̀pá mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

"Bàbá," ni Lákùnlé wí, "èmi ló yẹ kí n kó àjẹkù lọ síbi tí wọ́n ti ń gé e. Àjẹkù sì ni mí. Àwọn tí yóò gé wa nìyí, wọ́n ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Oòrùn ti ń gòkè, kẹ́ẹ̀gì gbogbo sì gbẹ.

Bàbá Dáyálù wo irin náà. "Ìbídùn, ṣé ó ń lọ sókè?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. A kò gbé e sókè rí."

"Ihò rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ la ti dí. Èmi, ìyá mi, ìyá tó bí i."

"Nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tú u."

Ìbídùn gbé àkàbà ti òpó, ó mú òòlù àti ìṣó ńlá. Àwọn ọkùnrin fi èjìká gbé irin, wọ́n ń mí hìn-ín. Lákùnlé bèèrè láti abẹ́ ẹrù rẹ̀ pé títí dé ihò wo.

Bàbá na ìka sí Tẹniọlá. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dúró sábẹ́ rẹ̀."

Tẹniọlá gorí òkúta. Eruku sìmẹ́ǹtì àtijọ́ ń bọ́ sórí fífá rẹ̀ láti òkè, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń lu ihò. Ó tẹ̀ síbẹ̀ bí ó ti máa ń tẹ̀.

"Na ẹ̀yìn rẹ," ni Ìbídùn wí.

"Ó ń dùn mí, Màámi."

"Mo mọ̀. Díẹ̀díẹ̀."

Ó nà án díẹ̀díẹ̀. Orí rẹ̀ kọjá etí Lákùnlé, ó kọjá orí Lákùnlé, àwọn èrò sì ń wò ó bí ó ti ń jáde bọ̀ láti inú ara rẹ̀. Irin gòkè ní ihò kan. Ó gòkè ní ìkejì, ìkẹta. Ní ihò kẹfà, Ìbídùn ti èèkàn bọ̀ ọ́, kò sì tíì kan orí ọmọ náà.

Ojú dígí wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ìgbà," ni ẹ̀rọ wí. "Wọlé."

Tẹniọlá kò wọlé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Dáyálù, ó sì na ọwọ́ sí i. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń wọlé, Bàbá."

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n jọ rìn dé ibẹ̀. Nígbà tí bàbá dé abẹ́ irin náà, ó tẹrí ba díẹ̀ kí ó tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì pọ̀ lókè orí rẹ̀.